Ààlè Lórí Iṣu Mi

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí kí inú tó bí mi ju bó ṣe yẹ lọ: èmi kì í ṣe Àgànyìn. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni mí. Yorùbá ni bàbá mi, Yorùbá ni ìyá mi, Yorùbá ni wọ́n sì fi rẹ̀ mí lẹ́kún nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́. Pé àwọn òyìnbó kan wá fa ìlà sáàárín wa, tí wọ́n ní kí èmi máa kọ́ Faransé, kí ẹ̀yin máa kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn ò sọ mí di ẹlòmíràn. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn nígbà tí mò ń kúrò nílé. Mo rò pé inú ilé kan náà ni mo ṣì wà, pé yàrá lásán ni mo fẹ́ pààrọ̀. Nígbà tí mo dé Ọ̀wọ̀, ojú mi là.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn ń bi mí. Kì í ṣe "Kí lo mọ̀ ọ́n ṣe?" o. "Ta lo mọ̀ níbí?" ni. Mo dé ibi tí wọ́n ti ń la pákó, ọ̀gá ibẹ̀ wo apá mi, ó wo àyà mi, ó rí i pé agbára wà níbẹ̀, ó wá ní, "Ta lo mọ̀ níbí?" Mo ní mo mọ Yésúfù tó ń mọ búlọ́ọ̀kù. Ó ní, "Ta ló mọ Yésúfù?" Mo dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé ńlá kan lójú ọ̀nà pólì, fọ́mààn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí ìkíni mi. Ó ní, "Ará Kútọnu, lọ mú ẹni tó mọ̀ ẹ́ wá." Kútọnu! Mi ò dé Kútọnu ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láyé mi. Mo wá yàrá, onílé wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní ṣé kì í ṣe ara àwọn tó ń jí ènìyàn gbé lójú ọ̀nà ni mí. Ó bi mí lójú ara mi báyìí, bí ẹni tó ń bi mí bóyá mo ti jẹun.

Mi ò dá wọn lẹ́bi tán. Ọ̀nà oko ti bàjẹ́ nígbà yẹn. Ẹni tó bá jí lọ sóko ìdí kòkó rẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ á máa wo ojú ọ̀nà títí tó fi máa dé. Ẹ̀rù tó ba ènìyàn kì í yan ẹni tí yóò fura sí, ẹni tí kò bá ti mọ̀ rí náà ni. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe mọ gbogbo ìyẹn tó, ó dùn mí. Ó dùn mí gan-an ni.

Ọ̀dọ̀ Yésúfù ni mo kọ́kọ́ gbé. Ọmọ ìlú mi ni, ẹgbẹ́ mi, ó ti lo ọdún mẹ́fà ní Ọ̀wọ̀ kí n tó dé. Ẹ̀kọ́ tó fún mi ò ju ẹyọ kan lọ: má fọkàn tán ẹnikẹ́ni.

"Tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín sí ẹ, ọwọ́ wọn ni kó o máa wò," ó ní. "Tí wọ́n bá fún ẹ lóúnjẹ, bi ara ẹ pé kí ni wọ́n fẹ́ gbà. Tí wọ́n bá ń bá ẹ sọ Yorùbá tó já gaara, tí wọ́n wá yí i sí Ọ̀wọ̀ lójijì, ìwọ ni wọ́n ń sọ."

Mo ní, "Yésúfù, ṣé ó le tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ìfura loògùn àgbà. Èmi tí mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀ yìí, ṣé o rò pé ọgbọ́n ló gbé mi dúró níbí? Ìfura ni."

Mo gba ẹ̀kọ́ náà. Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ ọ́n ju olùkọ́ mi lọ.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó ríṣẹ́. Màmá kan wà ní Ùsò nítòsí Ọ̀wọ̀, tísà tó ti fẹ̀yìn tì, ọkọ wọn ti kú, àwọn ọmọ wọn ti tú ká. Yésúfù ló mọ búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi yí ọgbà wọn ká. Wọ́n ń wá ẹni tó máa kọ ebè iṣu, tó sì máa gbé inú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé. Nígbà tí mo dé iwájú wọn, mo ti múra ìbéèrè yẹn sílẹ̀. Mo ti ka orúkọ Yésúfù sórí bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Màmá ò bèèrè. Wọ́n wo àtẹ́lẹwọ́ mi, wọ́n ní, "Ṣé o lè kọ ebè?"

Mo ní, "Màmá, ní Ṣábẹ̀, ọkùnrin tí ò bá lè kọ ebè, wọn kì í fún un níyàwó."

"Ó dáa. Ọkọ́ wà níbẹ̀ yẹn."

Ó yẹ kí inú mi dùn. Inú mi ò dùn. Gbogbo ìlú ń bi mí pé ta ni mo mọ̀, obìnrin yìí nìkan ni kò bi mí. Kí ló dé? Kí ló ti rí lára mi tí kò fi bèèrè? Mo gbé ọkọ́, mò ń rò ó bí mo ṣe ń rìn lọ sóko.

Ebè tiwa nílé tóbi. A kì í kọ ebè tí ewúrẹ́ lè fò kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ tiwọn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ibẹ̀ yàtọ̀, gbòǹgbò igi ló kún inú rẹ̀, ọkọ́ máa ń ta padà sí ènìyàn lójúgun. Màmá gbé àga wá sí etí oko, wọ́n jókòó, wọ́n ń wò mí. Èbù mélòó ni mo lè kó pamọ́ sápò nínú oko iṣu? Kí ni wọ́n ń ṣọ́? Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n rìn wọ àárín ebè, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀kan, kò yẹ̀. Wọ́n ní, "Ebè ẹ mà tóbi o. Ṣé òkú lo fẹ́ sin síbẹ̀ ni?"

Mo gbọ́ "òkú," ọkàn mi já. Wọ́n pe aládùúgbò wọn kan, ó wá wò ó, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Ọ̀wọ̀. Mo tẹ́tí, mo tẹ́tí, èmi tí mo pe ara mi ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan ń bọ́ sí mi létí, mẹ́wàá ń kọjá lọ. Wọ́n wo ebè, wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo fi eyín hàn wọ́n. Inú mi ń gbóná. Ó tó oṣù kan kí n tó mọ̀ pé ìyìn ni, pé Màmá ń sọ fún obìnrin yẹn pé látìgbà tí ọkọ wọn ti kú, ẹnikẹ́ni ò tíì kọ irú ebè bẹ́ẹ̀ sí oko wọn.

Ti oúnjẹ tiẹ̀ tún burú jù. Iyán tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá fún mi, mo ju òkèlè kan sí adìẹ wọn, mo jókòó tì í, mò ń wò ó. Adìẹ gbé e mì, ó nu ẹnu nílẹ̀, ó tún padà wá wò mí lójú. Nígbà tó fi dá mi lójú pé kò ní kú, iyán ti tutù, ó ti le. Mo jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó tó bí ọjọ́ márùn-ún tí mo ń ṣe é. Màmá wá bi mí pé kí ló dé tí adìẹ wọn ò fi ẹnu ọ̀nà mi sílẹ̀ mọ́. Mo ní bóyá ó kàn fẹ́ràn mi ni.

Nígbà tó yá, wọ́n fi ilẹ̀ kékeré kan hàn mí lẹ́yìn yàrá mi. Wọ́n ní, "Gbin tìrẹ síbẹ̀. Ọkùnrin tí ò ní ebè tara ẹ̀, ọkàn ẹ̀ kì í balẹ̀." Wọ́n fún mi ní èbù láti inú àká wọn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́. Bí mo ṣe ń dìde ni mò ń bi ara mi pé kí ni wọ́n fẹ́ gbà.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe ìyàwó mi, Àdùkẹ́. Ibì kan ṣoṣo ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé dáadáa, lórí òkìtì kan lẹ́yìn oko, mo máa ń dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń wàásù fún iṣu. Àdùkẹ́ á sọ ẹni tó bímọ, á sọ ẹni tó kú, á sọ bí òjò ṣe rọ̀. Lẹ́yìn náà á ní, "Ìgbà wo ni mò ń bọ̀?"

Mo máa ń ní, "Láìpẹ́."

Ó ní, "Bàbá mi ní òun ti gbọ́ láìpẹ́ yẹn tó."

Bàbá rẹ̀ kì í ṣe ènìyàn búburú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú. Ó ti sọ ọ́ gbangba pé tí iṣu tuntun bá jáde tí mi ò tíì rí ibi tó dúró déédéé tí Àdùkẹ́ lè wá bá mi gbé, kí ọmọ òun kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé bàbá mi, kó máa bọ̀ wá sílé. Ó ní ọkọ lòun fún lọ́mọ, òun ò fún fóònù. Mo fẹ́ bínú, mi ò rí ibi tí mo máa gbé ìbínú náà sí. Tó bá jẹ́ ọmọ tèmi ni, ohun tí màá sọ náà nìyẹn.

Nílé, orúkọ mi máa ń ṣíwájú mi dé ibi tí mò ń lọ. Tí mo bá yà ní ojúlé kan, wọ́n á ní ọmọ lágbájá nìyẹn, ẹ fún un lómi. Mi ò mọ̀ pé nǹkan ńlá nìyẹn. Mo rò pé bí ayé ṣe rí ni. Níbí, mo ní láti fi ẹsẹ̀ ara mi rin gbogbo ọ̀nà, tí mo bá sì dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á tún ní kí n padà lọ mú ẹnì kan wá. Nígbà míì tí mo bá wà lóko, màá pe orúkọ ara mi sókè, kí n kàn gbọ́ ọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí wọn ò bá pè ní Kútọnu fún oṣù méje ò lè mọ̀.

Nígbà tí iṣu ń gbó lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ tuntun dé. Bàbá kan wà tó jẹ́ olórí ìpàdé àwọn àgbẹ̀ ní agbègbè wa, Bàbá Alága là ń pè wọ́n. Wọ́n kéde pé nítorí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, gbogbo àlejò tó bá ń gbé oko gbọ́dọ̀ mú ọmọ ìlú kan wá tó máa dúró fún un. Onítọ̀hún á kọ orúkọ sílẹ̀, tí àlejò bá ṣe ohun tí kò tọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n á ti bèèrè. Wọ́n fún wa ní Sátidé méjì. Ẹni tí ò bá rí onídùúró, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo nǹkan ṣe wá so kọ́ orúkọ kan ṣoṣo. Tí mo bá rí onídùúró, mo níbi tí mò ń gbé, Àdùkẹ́ lè wá. Tí mi ò bá rí, èmi ni màá padà sílé lọ́wọ́ òfo, bóyá kí n tó dé gan-an, ó ti padà sílé bàbá rẹ̀. Yésúfù ò lè dúró fún mi, òun fúnra rẹ̀ ń wá ẹni tó máa dúró fún òun. Màmá nìkan ló kù.

Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò bẹ̀ wọ́n. Ẹnu mi wúwo. Mò ń retí pé kí wọ́n dá a sọ. Wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kéde, etí wọn ò di. Wọ́n dé ilé lọ́jọ́ náà, wọ́n ní ṣé mo ti fún ewúrẹ́ lómi. Ọjọ́ kejì, wọ́n ní ṣé mo rí àdá kékeré. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá báyìí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí sí wọn tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, èmi ni. Tí wọ́n bá rọra sọ̀rọ̀, èmi náà ni.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo wa iṣu mi àkọ́kọ́. Iṣu ọwọ́ mi, lórí ebè tí mo fi ọwọ́ mi kọ. Mo tò wọ́n sábẹ́ òrùlé lẹ́nu ọ̀nà mi, mo ya fọ́tò wọn, mo fi ránṣẹ́ sí Àdùkẹ́ lórí Wásáàpù. Ó ní iṣu náà sanra ju òun lọ, ṣé òun ni mò ń fún lóúnjẹ àbí iṣu. Mo rẹ́rìn-ín débi pé omi bọ́ lójú mi. Ọjọ́ yẹn, fún ìgbà àkọ́kọ́, mo rò pé ó lè ṣeé ṣe.

Ọjọ́rú, Màmá pè mí. Wọ́n ní ìbátan wọn kan kú ní Ìfọ̀n, àwọn ń lọ síbi ìsìnkú, ilẹ̀ tó bá ti mọ́ làwọn máa gbéra. "Ilé wà lọ́wọ́ ẹ o," wọ́n ní. Mo dúró, mò ń retí ọ̀rọ̀ Sátidé. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n wọlé lọ wá báàgì. Háà! Mo ní, ó tán. Wọ́n ń sá fún un ni. Òkú Ìfọ̀n yìí mà mọ ìgbà tó yẹ kó kú.

Ọjọ́bọ̀, mo ti lọ sóko kí wọ́n tó jáde. Nígbà tí mo padà ní ọ̀sán, ilé ti wà ní títì. Mo yí sí ẹ̀yìn, mo dé ẹnu ọ̀nà mi, ẹsẹ̀ mi kọ̀.

Wọ́n ti ri ọ̀pá kan mọ́lẹ̀ níwájú iṣu mi. Wọ́n so ṣùkù àgbàdo mọ́ ọn, wọ́n so ìkaraun ìgbín òfìfo, wọ́n sì fi àkísà búlúù kan dì í. Ààlè.

Kò sí ẹni tí wọ́n bí sílé Yorùbá tí ò mọ ààlè. Yálà o ti Ṣábẹ̀ wá tàbí o ti Ùsò wá, kò ní èdè méjì. Olóhun ló ń pa á sí ohun rẹ̀: nǹkan yìí ní olúwa o, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, kó fara mọ́ ohun tó bá rí. Nítorí olè la ṣe ń pa á. Èmi ni mo ni iṣu, èmi kọ́ ni mo pa ààlè. Èmi nìkan ni mo sì ń gbé ẹ̀yìn ilé yẹn. Ta wá ni olè? Ta ni olóhun? Mo ti ń bi ara mi láti oṣù mélòó pé kí ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi. Ẹ wò ó! Ó wà níwájú mi.

Inú bí mi, ojú mi ṣú. Mo fa ọ̀pá náà tu, mo fi gbogbo rẹ̀ sọ̀kò sínú igbó. Ìgbà tí ìkaraun ìgbín yẹn fò lọ ni ẹ̀rù tó bà mí. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi lẹ́yìn ọrùn. Mo mọ̀ pé ooru ni, síbẹ̀ mo lọ wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Nọ́ńbà Màmá wà lórí fóònù mi. Mi ò pè wọ́n. Ọ̀kadà ni mo gbà lọ sí Ọ̀wọ̀, mo lọ bá Yésúfù níbi búlọ́ọ̀kù, mo rò fún un, mo sì fi iyọ̀ sí i. Mo ní Màmá fẹ́ gba iṣu mi. Mo ní wọ́n ti pe èmi ní olè kí n má baà lè sọ̀rọ̀. Mo ní nǹkan míì tún wà lára ààlè yẹn tí mi ò lè dárúkọ. Yésúfù gbá itan. "Mo sọ fún ẹ àbí mi ò sọ fún ẹ!" Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ó sọ fún ẹni tó wá ra búlọ́ọ̀kù. Ó sọ fún ẹni tó wá gbé iyanrìn. Kí ilẹ̀ Ẹtì tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti ṣáájú mi dé Ùsò.

Sátidé, mo lọ sí ìpàdé. Mi ò mọ ohun tí mò ń lọ ṣe níbẹ̀. Ẹrù mi ti wà nínú àpò kan, mo ti dì í. Wọ́n ń pe àwọn àlejò lọ́kọ̀ọ̀kan, Ìgbìrà kan jáde, ọ̀gá rẹ̀ dìde fún un, wọ́n kọ orúkọ. Ẹlòmíì jáde, wọ́n dìde fún un. Wọ́n wá ní, "Ará Kútọnu." Mo bọ́ síta.

Bàbá Alága ní, "Ta ló dúró fún un?"

Kò sẹ́ni tó dìde.

"A tiẹ̀ gbọ́ pé ẹni tó ò ń bá ṣiṣẹ́ pa ààlè sí ẹ lẹ́nu ọ̀nà," Bàbá Alága ní. "Tí ẹni tí ẹ jọ ń gbé bá ń pa ààlè nítorí ẹ, báwo lo ṣe fẹ́ kí àwa sùn?"

Yéè! Ọ̀rọ̀ tí mo fi ẹnu ara mi gbé jáde ló yí ojú padà sí mi yẹn. Mi ò lè ní irọ́ ni. Mo bá tún là á mọ́lẹ̀, mo ní, "Bàbá, èmi kọ́ ni olè. Màmá ló fẹ́ gba iṣu mi."

Ibẹ̀ rọ́ kẹ̀kẹ̀. Mo gbọ́ ohùn kan láti ẹ̀yìn: "Ta ló fẹ́ gba iṣu ta?"

Màmá ni. Aṣọ dúdú ìsìnkú ṣì wà lọ́rùn wọn, báàgì ìrìn àjò wà lọ́wọ́ wọn, eruku ọ̀nà bo gèlè wọn. Wọ́n rìn wá síwájú mi. Wọn ò sọ Ọ̀wọ̀. Yorùbá tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ níwèé ni wọ́n sọ, kí ọ̀kan má baà bọ́ mọ́ mi létí.

"Kí lo bá lẹ́nu ọ̀nà ẹ?"

"Ààlè ni, Màmá."

"Aṣọ wo ló wà lára ẹ̀?"

"Búlúù ni, mà."

"Ṣé o dé ẹnu àká mi?"

"Rárá, mà."

"Ṣé o dé ẹnu ọ̀nà ibi tí mò ń kó kòkó sí?"

"Rárá, mà."

"Aṣọ búlúù kan náà ló wà níbẹ̀. Ìró mi kan ni mo ya sí mẹ́ta. Mò ń lọ sí Ìfọ̀n, ìwọ á wà lóko látàárọ̀, ilé á ṣófo. Ta ló máa ṣọ́ ọ? Mo pa ààlè sí àká mi, mo pa á sí kòkó mi, mo pa á sí iṣu ẹ, torí ọgbà kan náà ni gbogbo ẹ̀ wà. Tí mo bá fẹ́ gba iṣu ẹ, ṣé mi ò ní kó o sínú àká ni? Ààlè ni màá fi gbà á?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Kútọnu já ààlè tó ń bá a ṣọ́lé!" Tí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ yẹn, màá wọlé, màá tún bá a dí i padà. Màmá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Bàbá Alága jẹ́ kí ariwo lọ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá, ẹ ti fi etí ara yín gbọ́ ohun tó sọ nípa yín. Ṣé ẹ ṣì fẹ́ dúró fún un?"

Màmá gbé báàgì sílẹ̀.

"Wọn ò tíì sin òkú tí mo lọ sin tán," wọ́n ní. "Mo fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ torí mo mọ̀ pé òní ni Sátidé. Ẹ gbé ìwé wá."

Wọ́n kọ orúkọ wọn, gbogbo rẹ̀ pátá, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọwọ́ tísà ni, ó tò, ó sì mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí lórúkọ mi, orúkọ gidi, wọ́n sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tiwọn.

Mo gbé báàgì tẹ̀ lé wọn lọ sílé. Nígbà tí a dé inú ọgbà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń retí pé kó o bi mí," Màmá ní. "Mo ní ọkùnrin tó lẹ́nu ni, á sọ̀rọ̀. O ò sọ."

"Màmá, mo rò pé ẹ ò fẹ́ ni."

"O rò. Ìwọ máa ń rò gan-an." Wọ́n wò mí níbi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí. "Mo dúró fún ẹ lójú gbogbo ìlú. Ìwọ ò lè dúró fún mi lójú Yésúfù nìkan."

Ojú tì mí, àmọ́ ẹ̀rù tún ń bà mí. Mo ní, "Màmá, ààlè tí mo já yẹn ńkọ́? Ṣé nǹkan ò ní ṣe mí?"

"Ààlè kì í mú olóhun. Iṣu ẹ ni." Wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Òótọ́ ni pé ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n oògùn ní ìwọ̀n, èmi sì mu ún bí omi. Mo rò pé mò ń ṣọ́ ara mi ni. Mi ò rí i pé ohun tí mo fi ń pariwo pé àwọn ará ibí ń ṣe sí mi, òun gan-an ni mò ń ṣe sí ẹni kan ṣoṣo tí kò ṣe é sí mi. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, Màmá ò bá mi sọ ju "O kú iṣẹ́" àti "Ó dàárọ̀" lọ. Kò sí iyán. Mò ń dá oúnjẹ ara mi sè, kò sí ohun tó ń dùn lẹ́nu mi.

Àdùkẹ́ pàápàá ò gbé fóònù. Mo ti fi ohùn ránṣẹ́ sí i láti ọjọ́ ìpàdé pé mo ti rí onídùúró, kó máa palẹ̀ mọ́. Kò fèsì. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ló tó gbé e.

Mo ní, "Àdùkẹ́! Ṣé o gbọ́ ohùn mi? Ó ti parí! Máa bọ̀!"

"Mi ò bọ̀," ó ní.

Yésúfù ti pe ilé. Gbogbo àdúgbò wa ní Ṣábẹ̀ ti gbọ́ pé obìnrin kan wà ní Ùsò tó ń gba iṣu àwọn alágbàṣe, tó ń fi nǹkan burúkú dì í lẹ́nu ọ̀nà wọn. Bàbá rẹ̀ ti ní ọmọ òun ò ní fẹsẹ̀ tẹ irú ilé bẹ́ẹ̀.

"Irọ́ ni!" mo ní.

"Ṣé ìwọ lo sọ ọ́ fún Yésúfù àbí òun ló rò ó?"

Mo dákẹ́.

"Ìwọ lo sọ ọ́ nìyẹn," Àdùkẹ́ ní. "Ọjọ́bọ̀ yẹn, ìyá yẹn ni olè. Lónìí, ìyá yẹn dáa. Tí mo bá dé ọ̀hún, ìwọ ti ọjọ́ wo ni kí n gbà gbọ́?"

Mo sọ̀kalẹ̀ lórí òkìtì yẹn, fóònù ṣì wà lọ́wọ́ mi, mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì pa á. Mo sáré dé ilé ìdáná. Màmá jókòó, wọ́n ń pa ẹ̀gúsí. Mo kúnlẹ̀, èmi ọkùnrin, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Màmá, mo ti bà yín lórúkọ jẹ́ dé Ṣábẹ̀. Ìyàwó mi ní òun ò wá mọ́."

"Dé Ṣábẹ̀?" Wọ́n gbójú sókè. "Ó jìnnà o."

Mi ò mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Wọ́n gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lẹ́sẹ̀, wọ́n nu ọwọ́ mọ́ ìró, wọ́n na ọwọ́ sí mi. Mo gbé fóònù lé e. Wọ́n gbé e sétí.

"Hẹ́lóò. Ìyàwó mi, ṣé dáadáa lo wà? Èmi ni ìyá olè tí wọ́n sọ fún ẹ yẹn. Iṣu ọkọ ẹ ti pọ̀ jù, èmi nìkan ò lè jí i tán. Ìgbà wo lò ń bọ̀?"